Ìrì Dídì Tí Mo Yà ní Ẹdẹ

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìfẹ́ tó parí síbi tí wọ́n ti ń jó, kó yáa lọ bá ẹlòmíì. Ẹkún ló wà nínú tèmi yìí. Àmọ́ èmi ni mò ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìtàn sọ tó mi láti Ifẹ̀ títí dé ibi tí òkun ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Àlàní lorúkọ mi. Lọ́dún 1994 tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Ìlàrè, wọ́n sì mọ̀ mí dé Ẹnuwá. Àwọn ìyàwó máa ń sún ọjọ́ ìgbéyàwó wọn síwájú tí mi ò bá ráyè. Mo ya òkú kan rí, nígbà tí a fọ fíìmù náà tán, òkú ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi òkú náà.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lóṣù Kejìlá ọdún yẹn, ètè gbogbo ayé ti ń bẹ́, nígbà tí ọmọbìnrin kan yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè ya ìrì?"

"Ìrì báwo?"

"Ìrì orí ewé. Kí oòrùn tó gbé e."

"Ìrì lásán-làsàn? Mo ti ya atẹ́gùn rí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo gbogbo fọ́tò tó wà lára ògiri, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ ra ilé.

"Fọ́tò atẹ́gùn yẹn dà?"

"Ó ti fẹ́ lọ."

Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín. Mo fi Ọlọ́run búra, gbogbo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ló mọ́lẹ̀.

Tẹniọlá lorúkọ ẹ̀. Ó wà ní ọdún tó máa fi jáde ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa igi àti ewé ló ń kọ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé òun rí ìwé kan níbi tí òyìnbó kan ti ya igi tí kì í wọ́wé nígbà òtútù wọn. Ìrì á dì sára ewé náà, á funfun bí iyọ̀, ewé á ṣì tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́ ẹ̀.

"Tiwa ò lè dì," ó ní, "àmọ́ àwa náà ní igi tí kì í wọ́wé bí ọyẹ́ ṣe le tó, ìrì sì máa ń dúró lórí wọn láàárọ̀. Mo fẹ́ fi sínú próójẹ́ẹ̀tì mi. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé tiwa náà lẹ́wà."

Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo ní ìrì á tò lórí ìlà tí mo bá ti gbé kámẹ́rà jáde.

Ìrì ò tò lórí ìlà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ sẹ́yìn ilé wọn lójú ọ̀nà yunifásítì, láago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí kùrukùru ṣì bo ilẹ̀. Bàbá ẹ̀, Bàbá Akínkúnlé, fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú òdòdó àti igi fún yunifásítì kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ sì kún fún igi kéékèèké tó gbìn sínú agolo. Igi obì wà níbẹ̀, ọsàn wà níbẹ̀, pèrègún wà níbẹ̀, àti oríṣiríṣi tí mi ò mọ orúkọ wọn. Tẹniọlá á na gèlè dúdú ìyá ẹ̀ sẹ́yìn ewé kí ìrì lè hàn, èmi á sún mọ́ ọn débi tí imú mi ń kan ewé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń sọ fún un bí mo ṣe ya fọ́tò ẹyẹ kan lójú sánmà kí ẹyẹ náà tó mọ̀ pé òun fẹ́ fò. Ó ní, "Ẹ dákẹ́. Èémí yín ń gbé ìrì."

Mo dákẹ́. Mo dákẹ́ títí iṣẹ́ fi parí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí láti ìgbà tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Ìka ẹ̀ di gèlè yẹn mú, ọyẹ́ ti jẹ ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ funfun, mo sì ń wò ó láti inú kámẹ́rà, mi ò tẹ nǹkan kan.

"Kí lẹ ń dúró dè?"

"Kí kùrukùru kúrò."

Irọ́ ni. Kò sí kùrukùru níwájú mi nígbà yẹn.

Kí oṣù náà tó parí, a ti kúrò ní "ẹ", a ti di "o". Ó bi mí lọ́jọ́ kan, a jókòó lórí pákó tí bàbá ẹ̀ máa ń jókòó sí tó bá ń da iyẹ̀pẹ̀ sínú agolo:

"Àlàní, ṣé o máa ń sọ òótọ́ nígbà kankan?"

"Tí mo bá ń ya fọ́tò."

Ó wò mí pẹ́. "Ó dáa, máa ya fọ́tò lọ," ó ní, ó sì gbé orí lé èjìká mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, èjìká yẹn, mi ò fi ọṣẹ kàn án fún ọ̀sẹ̀ kan.

*

Oṣù Kejì 1995 ni mo ní kí Ìyá Mojíre bá mi débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun náà ló tọ́ mi dàgbà. Kò sí alárinà tó tó o ní Ìlàrè: kò sí ilé tó kan ilẹ̀kùn ẹ̀ fún ọmọ èèyàn tí wọn ò ṣí i, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tó bá fi ẹnu ẹ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Bàbá Akínkúnlé jókòó sínú àga, ó ń gé orógbó jẹ. Ìyàwó ẹ̀, Màmá Tẹniọlá, jókòó sábẹ́ férémù kan tó gbé kọ́ sára ògiri. Mo ti dọ̀bálẹ̀ tán, mo ti dìde, kí n tó rí ohun tó wà nínú férémù náà. Igi kan ni, ewé ẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́, ìrì dídì bò ó funfun báláú.

Màmá rí i pé mò ń wò ó. "Láoyè ló yà á," ó ní. "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnjiníà ni ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó yà á níwájú ilé ẹ̀, ó ní kí n fi han Tẹniọlá nítorí òun náà ń ka ìwé igi."

"Ó dáa gan-an, mà," Ìyá Mojíre ní. "Ọmọ tiwa náà, fọ́tò ló ń yà."

"Mo gbọ́. Ẹ má bínú o, Ìyá Mojíre. Fọ́tò yíyà, ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Tó bá di ọjọ́ tí kálukú bá ní kámẹ́rà tiẹ̀ ńkọ́? Láoyè ti kọ lẹ́tà mẹ́rin. Ọmọ tó ti rí ayé ni. Èyí, ṣé ó ti kọjá Ìbàdàn rí?"

Tẹniọlá gbé omi wọlé lásìkò yẹn. Ó gbọ́. Ó wo ilẹ̀. Bàbá ẹ̀ ń jẹ orógbó ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi fún yín. Mo wo igi funfun yẹn lára ògiri, mo wo bàtà mi tí mo fi pólíṣì bo ibi tó ti ya, mo sì mọ̀ pé tí mo bá jáde ní pálọ̀ yẹn bí mo ṣe wọ ọ́, ó ti parí nìyẹn. Ẹnu mi bá ṣí fúnra ẹ̀.

"Màmá, mò ń lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù lóṣù Kẹrin. Ilé ẹ̀kọ́ fọ́tò kan níbẹ̀ ló kọ̀wé sí mi. Ọdún kan péré ni. Wọ́n tiẹ̀ ń bẹ̀ mí ni."

Orógbó dúró lẹ́nu Bàbá. Ìyá Mojíre yíjú sí mi, mo rí i pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àmọ́ alárinà ni, kì í já ọwọ́ ẹni tó mú wá. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. A ò fẹ́ kó di ariwo ni."

Màmá rẹ́rìn-ín sí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Ọmọ mi, o ò sì tètè sọ. Tó o bá débẹ̀, ya irú èyí tìrẹ wá fún wa. Mo fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Láoyè, ká lè mọ èyí tó dáa jù."

"Màmá, ti Láoyè á tijú lára ògiri."

Nígbà tí à ń lọ sílé, Ìyá Mojíre bi mí lójú ọ̀nà, "Àlàní, ṣé òótọ́ ni?"

"Ìyá, ṣé mo ti parọ́ fún yín rí ni?"

"Ojoojúmọ́. Ìdí tí mo fi ń bi ẹ́ nìyẹn."

"Òótọ́ ni tọ̀tẹ̀ yìí."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Orúkọ mi ni mo fi dúró fún ẹ o."

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ di òótọ́. Mo gba páásípọ́ọ̀tù, mo lọ sí Èkó, mo tò síwájú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni ní físà láti àfẹ̀mọ́jú. Ẹni tó jókòó síwájú mi wo ìwé mi, ó wo ojú mi, ó dá ìwé mi padà. Kò gbà á tó ìgbà tí èèyàn fi ń mu omi. Mo lè padà sílé kí n sọ fún wọn pé wọn ò fún mi ní físà. Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àmọ́ mo ti sọ fún gbogbo Ìlàrè pé ọkọ̀ òfuurufú méjì ló ń jà lórí ẹni tó máa gbé mi.

*

Tẹniọlá sìn mí dé gáréèjì lóṣù Kẹrin. Ó ra ẹ̀pà sínú ìgò fún mi, ó ní òun gbọ́ pé oúnjẹ wọn ò níyọ̀.

"Tó o bá rí ìrì dídì gidi," ó ní, "má ṣe fọwọ́ kàn án kó o tó yà á. Ooru ara á yọ́ ọ."

"Màá kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀."

"Àlàní, jẹ́ kí n rí ojú ẹ dáadáa." Ó wò mí. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, kò nù ún. "Màá dúró dè ẹ́. Kò sí ohun tí Màmá lè sọ."

Ọkọ̀ Èkó gbéra. Mo juwọ́ sí i títí mi ò fi rí i mọ́. Nígbà tí a dé Gbọ̀ngán, mo ní kí dírẹ́bà já mi sílẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ míì tó ń lọ sí Ẹdẹ.

Lọ́ńdọ́ọ̀nù mi nìyẹn. Àyàndélé ọ̀rẹ́ mi ló ń tọ́jú ilé yìnyín tí àwọn ẹlẹ́ja ń kó ẹja áìsì sí ní Ẹdẹ. Ó fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ibẹ̀. Láàárọ̀ mo máa ń ya fọ́tò pélébé fún àwọn tó fẹ́ gba ìwé iṣẹ́, lọ́sàn-án mo máa ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tí ọkọ̀ bá ti ń ké "Ifẹ̀, Ifẹ̀," màá wọlé, kí ẹni tó mọ̀ mí má baà rí mi. Láti Ẹdẹ sí Ifẹ̀, èèyàn ò ní sùn dáadáa nínú ọkọ̀ kó tó débẹ̀. Àmọ́ lọ́dún yẹn, ó jìn sí mi ju òṣùpá lọ. Mo sì ní kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí, nítorí mo ti wọ̀n ọ́n ní gbogbo ọ̀nà.

Mo jẹ ẹ̀pà yẹn lẹ́yọ ẹyọ kan lójúmọ́. Nígbà tó tán, mo gbé ìgò ẹ̀ sí ojú fèrèsé.

Àyàndélé sọ fún mi lóríṣiríṣi ọ̀nà pé kí n lọ jẹ́wọ́.

"Kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún ẹ? Kí wọ́n pa ẹ́?"

"Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín."

"Gbogbo ayé ló ti ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín tipẹ́, Àlàní. Ìwọ náà lo ń fún wọn ní ẹ̀rín. Kí ló wá yàtọ̀?"

Ó yàtọ̀. Ẹ̀rín tí èmi fúnra mi bá fún wọn, tèmi ni.

Ọyẹ́ tún wọlé. Ní ìparí oṣù Kọkànlá, Àyàndélé lọ sí Ifẹ̀, ó yà kí Ìyá Mojíre bí mo ṣe ní kó ṣe, ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló rí mi, pé ara mi le. Ìròyìn tó kó bọ̀ burú. Láoyè ń bọ̀ wálé lóṣù Kejì, òun àti ẹbí ẹ̀ fẹ́ wá tọrọ Tẹniọlá. Tẹniọlá ti kọ̀. Màmá ní ṣe ni Àlàní gbàgbé wọn, kò tiẹ̀ ya fọ́tò kan ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ rí nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ mi kí wọ́n tó fèsì fún àwọn ará Láoyè.

"Lọ sílé," Àyàndélé ní.

"Ilé yìnyín ẹ, báwo ló ṣe tutù tó?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo aṣiwèrè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ.

Èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo mọ̀ pé pèrègún ò sí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, obì ò sí níbẹ̀. Mo rin gbogbo Ẹdẹ kí n tó rí ewé tó jọ ti òyìnbó: igi òdòdó kan tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé ìjọba kan ká, ewé ẹ̀ ń dán, ó le, wọ́n gé e gún régé. Mo ní, èyí, òyìnbó ló mú un wá, dandan ni kó wà nílé wọn. Mo gé ẹ̀ka kan. Mo fi ẹnu fọ́n omi sí i bí alágbàfọ̀ tó ń lọ aṣọ, a gbé e sáàárín ẹja, ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí a gbé e jáde láàárọ̀, ó funfun débi tí Àyàndélé fi gbàgbé láti bú mi. Ìrì ti dì sí etí ewé kọ̀ọ̀kan bí eyín ọmọdé. Kùrukùru ọyẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ṣú bí sánmà ìlú òtútù. Àyàndélé di ẹ̀ka náà mú pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì.

"Yà á kíá. Òórùn ẹja ń bẹ lára Lọ́ńdọ́ọ̀nù ẹ."

Mo di èémí mi mú. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo ti sọ oríṣiríṣi nǹkan fún yín látàárọ̀ nípa fọ́tò mi, ẹ lè da ìdajì ẹ̀ nù. Èyí nìkan lẹ ò gbọ́dọ̀ dà nù: mi ò ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tíì ya irú ẹ̀ mọ́.

Àyàndélé gbé e lọ fún Ìyá Mojíre. Ìyá Mojíre gbé e lọ fún wọn.

*

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn kan níwájú ilé yìnyín.

"Níbo ni Lọ́ńdọ́ọ̀nù wà níbí?"

Ìyá Mojíre ni. Ó wọ yàrá mi, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ìgò ẹ̀pà, kò jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Bàbá Akínkúnlé bi mí pé ta ló mú fọ́tò wá. Mo ní ọmọkùnrin kan láti Ẹdẹ. Ó ní kí n wá mú ẹ níbẹ̀."

"Ìyá..."

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Inú Màmá dùn, ó ti ń wá férémù. Bàbá gba fọ́tò náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó pe Tẹniọlá, ó ní, 'Ìwọ tó o ń ka ìwé igi, igi wo nìyí?' Ọmọ yẹn wò ó. Ó ní, 'Igi ilẹ̀ òtútù ni, Bàbá. Kì í wọ́wé.' Bàbá ní ó dáa. Ó wá mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Igi náà wà nínú agolo, Àlàní. Ó tó ogún. Ó ní, 'Ìyá Mojíre, ìkísórà ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ mi ni mo fi gbin ín sí gbogbo ojú ọ̀nà yunifásítì. Ilẹ̀ tó gbóná ni wọ́n ti mú un wá. Tí ìrì dídì bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo bà lé e níta, á dúdú bí ohun tí wọ́n da omi gbígbóná lé.' Ó tún ní kí n wo ìdí ewé dáadáa. Tánpẹ́pẹ́ kan ló dì mọ́ ọn. Ó ní, 'Ṣé èyí náà gba físà ni?'"

Tó bá jẹ́ ọjọ́ míì ni, màá ti rẹ́rìn-ín kú.

"Gbogbo ilé tí mo ti wọ̀ nítorí ọmọ èèyàn," Ìyá Mojíre ní, "kò sí èyí tí mo ti jáde tí mò ń wo ilẹ̀. Ọmọ tí mo tọ́ ló fi ìyẹn kàn mí. Mi ò ní ṣe alárinà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Dìde, kó ẹrù ẹ."

Nígbà tí a dé Ifẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìlàrè, ó ní kí n dá lọ.

*

Bàbá Akínkúnlé wà lórí pákó lẹ́yìnkùlé, ó ń da iyẹ̀pẹ̀ sínú agolo. Oòrùn ti gbé ìrì ọjọ́ náà tán. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, jókòó."

Mo jókòó. Ó da agolo kan kún kó tó sọ̀rọ̀.

"Mi ò bínú pé o ò lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Èmi náà ò lọ, ara mi ò sì yún mi. Kó o tó wá ní ọjọ́ yẹn, mo ti wádìí ẹ ní Ìlàrè. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni, pé ẹnu ẹ̀ ló kàn gùn. Mo tún wo àwọn fọ́tò ìrì tí ìwọ àti Tẹniọlá yà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tọ́jú ewé, mi ò rí ẹni tó wo ewé bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti sọ fún ìyá Tẹniọlá pé bó o lọ, bí o ò lọ, ìwọ ni mo máa fún lọ́mọ mi."

Mi ò lè sọ fún yín bí ara mi ṣe rí. Ẹ wò ó, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ sọ ọ́ fún wọn, sà?"

"Lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ wá. A fẹ́ kó o lọ kó o dé ká tó sọ fún ẹ ni." Ó gbọn ọwọ́ ẹ̀. "Ohun tó dùn mí nìyí. Tẹniọlá ò parọ́ fún mi rí. Ó wò mí lójú lórí fọ́tò yẹn, ó parọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò lè wò mí lójú mọ́, èmi náà ò mọ bí mo ṣe máa wò ó. Ilé wa ò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Ìyẹn kọ́ ni mo pè ẹ́ sí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan wà lábẹ́ gbogbo ariwo yẹn. Sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi nípa ara ẹ, Àlàní. Ọ̀kan péré. Kó jẹ́ èyí tí mi ò ní da ìdajì ẹ̀ nù. Tí mo bá gbọ́ ọ, màá ránṣẹ́ sí àwọn ará Láoyè pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá."

Tẹniọlá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Ó ti rù. Ó ń wò mí, ọwọ́ ẹ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú.

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó wà níbì kan nínú mi, ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí, àmọ́ ó tijú láti jáde láìwọṣọ. Èyí tó ti mọ ọ̀nà ló jáde.

"Bàbá, kò sí ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ẹlòmíì bí mo ṣe fẹ́ràn Tẹniọlá láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ifẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n gbé Òkè Olúmọ wá síbí, màá gbé e. Tí wọ́n bá ní kí n mu òkun..."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ wà lára ẹ̀.

"Ó tó, ọmọ mi."

Ó dìde, ó gbé agolo, ó lọ síbi tí ìkísórà wà, ó ń to àwọn agolo ibẹ̀. Kò tún wo ẹ̀yìn.

Tẹniọlá sìn mí dé ẹnu géètì. Ọ̀kadà méjì kọjá, eruku ọyẹ́ bò wá.

"Nígbà tí Bàbá fún mi ní fọ́tò yẹn," ó ní, "mo ti mọ ewé náà kí ọwọ́ mi tó kàn án. Mo tún mọ̀ pé nínú ìlú kan nítòsí lo wà. Mo gbé irọ́ ẹ lé orí mi. Mo rò pé wàá wá gbé e kúrò."

"Mo ti wá, Tẹniọlá."

"O ti wá. Mo gbọ́ Òkè Olúmọ." Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Bàbá ní ọ̀rọ̀ kan. Èmi ò tiẹ̀ ní kó o wá a fúnra ẹ. Màá sọ ọ́ sí ẹ lẹ́nu, ìwọ ṣáà tún un sọ tẹ̀lé mi. Lọ́jọ́ tó o rí fọ́tò Láoyè lára ògiri, ẹ̀rù bà ẹ́. Lọ́jọ́ tí wọn ò fún ẹ ní físà, ẹ̀rù bà ẹ́. Ìdí tó o fi sá lọ sí Ẹdẹ nìyẹn. Sọ pé ẹ̀rù bà ẹ́, Àlàní. Màá padà wọlé lọ bá Bàbá nísinsìnyí, màá kúnlẹ̀ fún un."

Ojú ẹ̀ wà lára mi. Kò sí ohun tó lè rọrùn tó o láyé. Àmọ́ àwọn ọmọkùnrin méjì kan wà lábẹ́ igi lódìkejì ọ̀nà, wọ́n mọ̀ mí ní Ìlàrè, wọ́n ti ń wo ọ̀dọ̀ wa.

"Ẹ̀rù?" mo ní. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Èmi Àlàní?"

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Kò bínú. Mo fẹ́ kó bínú. Ó wọlé, ó ti géètì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tilẹ̀kùn yàrá tí aláìsàn ti ń sùn.

Láoyè wá lóṣù Kejì. Oṣù Kẹjọ ọdún 1996 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, Ìyá Mojíre lọ, kò sọ fún mi bó ṣe rí. Mo ṣì ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìlàrè, mo ṣì ń sọ fún àwọn èèyàn nípa òkú tó rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò ya ewé mọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Láti ìgbà tí mo ti wọ pálọ̀ yẹn tí mo rí igi funfun lára ògiri ni ẹ̀rù ti bà mí, ó bà mí ní gáréèjì, ó bà mí lójoojúmọ́ ní Ẹdẹ, ó bà mí níwájú géètì yẹn. Mo lè sọ ọ́ báyìí, mi ò tiẹ̀ fi nǹkan kan kún un. Kò sẹ́ni tó bi mí mọ́.